Ìwé Tí Mo Tẹ̀ka Sí ní Iléṣà

Igbona, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2024

Pẹ̀lúmi, Àṣàkẹ́ ọmọ Làbákẹ́,

Kí n tó bèèrè àlàáfíà rẹ, jẹ́ kí n ka àwọn tó dé sáyé àti àwọn tó lọ sílé ọkọ fún ọ. Ìyàwó kékeré tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fẹ́ bí ọkùnrin ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, orí ọmọ náà sì jọ ti bàbá bàbá rẹ. Tinúkẹ́ ọmọ àbúrò mi ní Iléṣà ti lọ sílé ọkọ. Ará Òṣú ni àwọn àna wa, wọ́n ń ta pákó, wọ́n sì mọ ènìyàn kí. Kàósárà tí ẹ jọ lọ sílé ìwé bí ìbejì, obìnrin ni méjèèjì. Kò sí èyí tí wọ́n bí nínú wọn tó fún ìyá rẹ̀ ní wàhálà.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Nọ́síràtù, ayálégbé wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, kàn máa yà á ní fọ́tò ni, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo ní kó má kà á. Ó ní òun kò ní kà á, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó fẹ́ kà á ló fi sọ ọ́. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọ̀gbẹ́ni Béjidé tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ń kọ́ wa. A ti parí ti Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì la wà báyìí. Mo gba ipò kìíní nínú ìdánwò tó kọjá, nínú ènìyàn mọ́kànlélógún. Ẹni tó gba ipò kejì, mo fi ogún ọdún jù ú lọ. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí nìyí. Oṣù méjì lo fi dákẹ́. O mọ̀ pé etí mi kò gba fóònù mọ́. Bí òjò lórí páànù ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń dún sí mi. Ìyẹn kò ní kí o má kọ̀wé. Ẹnu Olúmúyìwá ọkọ rẹ ni Nọ́síràtù ti gbọ́ pé oyún rẹ ti wọ oṣù keje, àti pé àwọn dókítà ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ.

Pẹ̀lúmi, gbọ́ mi. Nínú ilé wa, obìnrin kì í dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọ̀bẹ. Ìyá mi bí mẹ́sàn-án, èmi bí méje. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ni ìyá rẹ, ní Iléṣà, lọ́dún 2001, o sì mọ bó ṣe parí, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọ́. Èmi ni mo gbé ọ dání níbi ibojì, tí o ń bèèrè pé ta ló ń sùn síbẹ̀. Mi ò lágbára láti tún sin ẹlòmíràn. Sọ fún wọn pé rárá.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ,
Àbẹ̀ní Ògúnjìnmí


Leeds
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Màámi Àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú oríire ọmọ tuntun, ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó Tinúkẹ́. Mo wo lẹ́tà yín títí. Mo fi han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún wọn pé ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló kọ ọ́. Wọn kò mọ Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ìlà yín kò wọ́.

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ ni. Ibi tó yẹ kó tẹ̀lé ọmọ jáde ló wà nísàlẹ̀, ó dí ẹnu ilé ọmọ. Wọ́n ní kò sí bí ọmọ ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ẹ̀jẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dà, kò sì ní dúró. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ni wọ́n mú láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mo sọ fún wọn pé mi ò ṣe. Ohun tí Olúmúyìwá sọ ni pé, "Ìwọ tó ń ti àwọn aláìsàn lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lójoojúmọ́."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ilé ìwòsàn: mo ń ti bẹ́ẹ̀dì wọn wọlé, mo sì ń tì wọ́n jáde. Mi ò lè ka iye obìnrin tí mo ti tì jáde tòun tọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan èmi, ìyá mi ni mo ń rí.

Agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi bi mí pé irú iṣẹ́ abẹ wo ni wọ́n ṣe fún ìyá mi. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ló pa á, tàbí oògùn oorun tí wọ́n fún un, nítorí ó lè jẹ́ ohun tó wà nínú ìdílé. Ó ní tí ìwé kankan bá kù láti ilé ìwòsàn náà, kí n wá a. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo inú àpótí yín. Ẹ sì sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti kékeré mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ máa ń sọ: ọ̀bẹ dókítà ló pa á. Lẹ́yìn náà ẹ ó dìde, ẹ ó lọ wá nǹkan ṣe.

Ọmọ yín,
Pẹ̀lúmi


Igbona, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta

Pẹ̀lúmi mi,

Ara mi le. Ìbejì Kàósárà ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Tinúkẹ́, àní ọkọ Tinúkẹ́, wá kí mi, ó gbé iṣu mẹ́fà wá. Ọwọ́ mi ń yára ju ọpọlọ mi lọ lónìí, ni mo ṣe ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ.

Ní ti ìwé ilé ìwòsàn, kò sí. Ikán jẹ àpótí náà lọ́dún tí a kó kúrò ní Iléṣà wá sí ilé tí bàbá àgbà rẹ fi owó ìfẹ̀yìntì rélùwéè kọ́. Sọ fún agbẹ̀bí rẹ pé kò sí.

Jẹ́ kí n sọ ti kíláàsì fún ọ. Lọ́jọ́ Túsìdeè, Tíṣà Béjidé kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sójú pátákó: AGAINST. Ó ní ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, pé a ó rí i nínú bọ́ọ̀lù, nínú ìdìbò àti nílé ẹjọ́, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni lòdì sí. Ó kọ ọ́ báyìí: Osogbo played against Ilesa. Alájì Abdullateef tó fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, ìyàwó mi kejì against ìyàwó mi àkọ́kọ́. Ṣé ó tọ̀nà?"

"Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe, Alájì. Kí ló ṣe sí i?"

"Kí ni kò ṣe tán? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí Tíṣà fi lu pátákó. Ó wá ní nígbà míì, ohun tí ènìyàn lòdì sí kì í ṣe ènìyàn bíi tirẹ̀, ó lè jẹ́ òfin, ó lè jẹ́ ìmọ̀ràn, ó lè jẹ́ ìfẹ́ òbí. Ó kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kan rin ìrìn àjò against ìfẹ́ bàbá rẹ̀. Bàbá ní má lọ, ọmọ gbọ́, ó sì lọ.

Mo bèèrè pé, "Tí ọmọ náà kò bá gbọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Tí kò bá gbọ́, Màmá, a ò lè lo ọ̀rọ̀ yìí fún un bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe tinú ara rẹ̀ la fi ń bá wí."

Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Ó ní kí a kọ gbólóhùn márùn-ún wá láti ilé. Mo kọ mẹ́rin. Mo jókòó ti karùn-ún títí oúnjẹ mi fi tutù, kò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ láìparí.

Máa jẹ ẹ̀fọ́. Má gbé ohun tó wúwo. Ohun tí o bèèrè nípa ìyá rẹ, ọ̀rọ̀ tó gùn ni, a ó sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Èmi ni,
Àbẹ̀ní Ògúnjìnmí


Leeds
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Màámi Àgbà,

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, ẹ má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá nígbà tí mò ń wọ bàtà. Ó ti dúró báyìí. Wọ́n ní kò ní pẹ́ tí yóò tún dà, pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, pé àwọn kò lè dúró de ọjọ́ kẹwàá mọ́.

Mo ní mo fẹ́ máa lọ sílé. Dókítà obìnrin kan jókòó tì mí fún bíi wákàtí kan, ó ń ṣàlàyé, mo ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò yí padà, wọ́n gbé ìwé kan wá. Ó wà lórí itan mi báyìí. Ó ní mò ń lọ sílé against medical advice. Mo rántí kíláàsì yín àti ìyàwó Alájì, mo rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì rò pé ara ń gbóná sí mi ni.

Olúmúyìwá ti lọ jókòó síta. Ó ní òun kò ní wà níbẹ̀ tí mo bá ń fọwọ́ sí i. Ọ̀la, kí ó tó di ọ̀sán, ni n ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ mọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ gbàdúrà fún mi.

Pẹ̀lúmi


Igbona, Òṣogbo
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹrin, òwúrọ̀

Má fọwọ́ sí i.

Nọ́síràtù ń pè ọ́, fóònù rẹ kò dún, ti Olúmúyìwá náà kò dún. Ó dúró lórí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọkọ̀ Àbẹ̀rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, ó ní òun kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Mo ti ní kó kà á. Kó kà á.

Kò sí ọ̀bẹ tó kan ìyá rẹ. Wọ́n fẹ́ ṣe é, a kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ọmọ náà dábùú nínú rẹ̀. Mo gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn yẹn nínú táksí, mo gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ àdúrà kan ní ọ̀nà Òṣú. Omi àti epo ni wọ́n ń fi ra á níkùn. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó kú. Ọmọ náà kò jáde rárá.

Ikán kò jẹ nǹkan kan. Ìwé náà wà lábẹ́ àrán tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ìyá rẹ. Mi ò mọ̀wé nígbà náà. Wọ́n ti ìka mi bọ inú tàdáwà aláwọ̀ aró, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo rò pé ìwé ìjáde lásán ni, bí wọ́n ṣe máa ń fún gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ Túsìdeè tí Tíṣà kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yẹn ni mo lọ ṣí àpótí. Mo rí AGAINST níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ méjèèje, lókè ìka mi. Mo da ọ̀rọ̀ méjì tó tẹ̀lé e kọ sórí bébà, mo mú un lọ bá Tíṣà, mo parọ́ pé ara páálí oògùn ni mo ti rí i. Ó ní, "Ìmọ̀ràn dókítà ni, Màmá."

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ̀wé sí ọ láàárín ìgbà náà, mo sọ ti iṣu mẹ́fà fún ọ.

Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Èmi Àbẹ̀ní ni mo sọ pé kí wọ́n ṣe é. Tí o bá fẹ́ kọ ìyá àgbà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wà láàyè kí o lè kọ̀ mí.


Igbona, Òṣogbo
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin

Pẹ̀lúmi,

Nọ́síràtù ní lẹ́tà mi ti wọlé, pé àmì méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà, pé ìyẹn ni pé ẹnì kan ti ṣí i. Ta ló ṣí i? Olúmúyìwá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Ẹ ní sùúrù." Ẹ ní sùúrù tí a ń sọ fún ẹni tó ń dúró, àbí èyí tí a ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀?

Mi ò lọ sí kíláàsì. Alájì rán ènìyàn wá bi mí bóyá mo ti di tíṣà ni.

Àmì lásán náà tó. Kọ A kan ṣoṣo ránṣẹ́.

Àbẹ̀ní


Leeds
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Màámi Àgbà,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà.

Fóònù mi kú ní òru yẹn, nọ́ọ̀sì ló bá mi fi iná sí i. Nígbà tí lẹ́tà yín wọlé, ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, mo ti kọ orúkọ mi, ó ku kí n kọ ọjọ́. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí wọ́n lọ pe dókítà obìnrin yẹn wá. Kó tó dé, ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n sáré tì mí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn mẹ́fà sí mi lára. Kò dúró. Wọ́n yọ ilé ọmọ mi kó tó dúró. Mi ò ní bímọ mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí. Dókítà kò bá mi wí, ó kàn sọ pé iṣẹ́ abẹ tí a bá mú ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti gbà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Tí ẹnì kan bá ti sọ òótọ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Ọmọ náà wà láàyè. Obìnrin ni. A ti sọ ọ́ lórúkọ. Mi ò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín.

Ẹ ní ẹ ò mọ̀wé, ẹ rò pé ìwé ìjáde lásán ni. Mo ti ń yí i po lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Màámi. Ṣáájú kí wọ́n tó gbé ìwé yẹn wá fún mi, dókítà fi wákàtí kan bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí dókítà tí yóò kàn na irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn láìfi ẹnu sọ ohunkóhun. Ẹ kò mọ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, mo gbà. Kí ni dókítà Iléṣà yẹn sọ fún yín, èdè wo ló sì fi sọ ọ́?

Ìyẹn nìkan ni kí ẹ dáhùn. Ẹ má sọ ti ẹni tó bímọ fún mi.

Pẹ̀lúmi


Igbona, Òṣogbo
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Pẹ̀lúmi,

Yorùbá ló sọ. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló sọ, èdè ilé wa, nítorí ọmọ Iléṣà ni, kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọmọ dábùú nínú ọmọ yín. Tí ẹ bá gbé e lọ, ẹ ó pàdánù àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Tó bá jẹ́ owó, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀, èmi ni n ó dúró fún yín." Kí n tó tẹ ìka, ó ka ìwé náà fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní Yorùbá. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Ó tún un kà. Mo ní ó yé mi. Etí mi dára nígbà náà.

Ohun tó fà á nìyí. Aṣọ ni mò ń tà ní Iléṣà, o mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún ọmọ Ìyá Oyèbọ̀dé, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi. Èmi ni mo dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ aláṣọ, tí mo sọ pé ọmọ tí kò lè rọbí, ìyá rẹ̀ ni kò tọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Oyèbọ̀dé ń ká aṣọ, kò gbójú sókè. Nígbà tí dókítà dárúkọ iṣẹ́ abẹ fún mi, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bí n ó ṣe gba iwájú ìsọ̀ obìnrin yẹn kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Òun ni mo rò. Mi ò rò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, mo ní ọ̀bẹ ló pa á. Gbogbo ènìyàn bá mi sunkún, Ìyá Oyèbọ̀dé pàápàá gbé omi wá fún mi. Ajíbádé bàbá rẹ, tó wà ní Kánò lọ́jọ́ náà, ń gégùn-ún fún dókítà yẹn títí òun náà fi kú sí Kánò. Mo gbọ́ pé dókítà náà fi Iléṣà sílẹ̀. Mi ò wádìí rẹ̀.

Ohun tí mo kọ sí ọ ní oṣù Kẹrin, pé mo rò pé ìwé ìjáde lásán ni, irọ́ ni. Nígbà tí mo ń tọrọ ẹ̀mí rẹ, mo ṣì ń wá ibi tí n ó fi ojú pamọ́ sí.

Ó ku ohun kan tí o kò bèèrè. Ìyá rẹ kò dákú nígbà tí dókítà ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó di etí ìró mi mú, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Mo já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo ní kó dákẹ́, pé kí ni obìnrin bíi tirẹ̀ ń bẹ̀rù. Kò tún bẹ̀ mí mọ́. Láti Iléṣà dé ọ̀nà Òṣú, nínú táksí yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi.

Mo tẹ̀lé Nọ́síràtù lọ sí báǹkì lọ́jọ́ Fúráìdeè, a san owó sínú àkáǹtì tí o fi sílẹ̀ níbí. Owó tí ìyá àgbà ń jù sínú àwo lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ni. Ó yẹ kí orúkọ tí mo sọ ọmọ náà tẹ̀lé e. Mi ò fi orúkọ sí i.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni.